Lẹ́ǹsì Olórùka Funfun

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílùú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àwọn tó ń kọjá lábẹ́ fèrèsé mi báyìí kò mọ̀ mí, èmi náà ò sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ara bá kúrò níbì kan, ọkàn a máa yọ́ padà lọ síbẹ̀ láìgba ìwé ìrìnnà. Yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi ni tèmi máa ń padà sí: yàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, tábìlì igi tí a fi ìwé ìròyìn tí a ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó má baà máa mì, àti kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi yìí fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn títí, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, òun á tún un wò, á ní, "Ó wà níbẹ̀, ó sá pamọ́ fún yín ni." Wọ́n á sì bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri àti ìwé ìyìn. Aago ò wù ú. Ohun tó wù ú ni maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú lásán ò lè rí di ńlá. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń tẹ ojú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ló ni ín.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé kan, tí wọ́n wá fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé náà, bó ṣe rí lára mi nìyẹn, Akọ̀wé."

Akọ̀wé ni ìyàwó rẹ̀ sọ mí, torí iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo fi jẹun. Orúkọ náà sì mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu.

Èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò, èmi náà ni mo sì fi ojúlé gbàǹjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn án. Ẹni tó ń tajà á ya àwòrán ẹrù rẹ̀, á kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á dá ọjọ́ àti wákàtí. Ẹni tó bá wù á fowó lé e. Bí wákàtí bá pé, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù ló gbé e. Títí di òní ni nǹkan náà ń yà mí lẹ́nu. Ẹni tí o ò rí rí, tí o ò sì ní rí láéláé, á kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan sílẹ̀, ìwọ á gbà á gbọ́, wàá fowó ránṣẹ́. Gbogbo ọjà ńláńlá náà, kò sí ìṣó kan tó gbé e ró, àfi ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní òfin méjì. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ purọ́. Bí ọjà bá yàtọ̀ sí ohun tó kọ, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń rà náà gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ, kó kà á tán, kó tó fowó lé e.

Oṣù kejì ni a rí èyí tó wọ ẹ̀gbọ́n mi lójú. Maikirosikóòpù dúdú ni, idẹ lọ́rùn, ó lágbára bí ẹṣin. Oníkànga ni ẹni tó ń tà á pe ara rẹ̀. Igba èèyàn ó lé mọ́kànlá ló ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lójúlé náà, kò sí ẹyọ kan tó ráhùn. Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn sábẹ́ àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó lé e. Maikirosikóòpù yìí—'"

"Fò ó," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká kà á o."

"Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní maikirosikóòpù? Ṣé wọ́n máa ń kàwé fún ẹja kó tó lúwẹ̀ẹ́ ni? Iye tó wà lórí ẹ̀ ni kó o sọ fún mi."

Mo bá fò ó.

Ọ̀sán Sátidé, aago mẹ́rin, ni gbàǹjo náà máa parí. Láti aago mẹ́ta ni a ti jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Bí a bá fowó lé e, ẹnì kan níbì kan á tún gbé e sókè. Ìyàwó wa gbé tíì wọlé.

"Kí ló dé tí ẹ ń làágùn báyìí, Bàbá àwọn ọmọ?"

"Ẹnì kan ń bá mi du ú!"

"Ta ni?"

"N ò mọ̀ ọ́n."

"Níbo ló wà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ yín, ẹ wá ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ bá a wọ̀yá ìjà. Akọ̀wé mi, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ o, kí ìfúnpá má baà pa ọkọ mi nítorí gíláàsì."

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá nígbà tí mo tẹ ìkẹyìn. Kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lu àtẹ́lẹwọ́ mi pàà bí ọmọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní kí n tẹ ojú ìwé náà jáde, tòun ti àwòrán, tòun ti orúkọ rẹ̀ "Ojú Àwòdì" gẹ́gẹ́ bí ẹni tó borí. Ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, kí àwọn tó kọ́ níṣẹ́ máa wá wo bí ọ̀gá wọn ṣe ń rajà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àpótí náà fi rìn kó tó dé. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, òun nìkan ló tú u, ó ń ká ìwé tí wọ́n fi wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó lélẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ní gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó ti fi pamọ́ láti ibi iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lórí rẹ̀. Ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó yí èyí tó tóbi jù nínú àwọn lẹ́ǹsì, ìyẹn gíláàsì ojú ẹ̀rọ náà, sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wá mú ìgò òróró kékeré kan, ó kán an tó. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe orí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́ǹsì ńlá kì í ríran àfi bí ẹ̀kán òróró bá wà láàárín òun àti gíláàsì. Ó ti kán an tó nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

Ó fojú lé e. Ó yí i sókè, ó yí i sódò. Ó nu ojú, ó tún wò ó.

"Kùrukùru," ó wí.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, kùrukùru. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kùrukùru náà ni. Ó wá jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan. "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, Akọ̀wé. Ọkùnrin yẹn ta afọ́jú fún mi."

Èmi ni mo tẹ ẹ̀sùn náà. Ọdún mélòó ni mo fi bá àwọn ọ̀gá tẹ lẹ́tà tó ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀rọ̀ mú. Ohun tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá fi ha ẹja, á ha. Mo pe Oníkànga ní onígbájú-ẹ̀. Mo ní ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọjà jíjẹrà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún un kà, ó mi orí, ó ní, "Ọwọ́ ẹ ò tíì kú."

Ní ọjọ́ kejì, ìdáhùn Oníkànga dé. Kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi lẹ kán sí i ni, àbí òróró?"

"Omi kẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Ta ló ń kán omi sí maikirosikóòpù? Ṣé mo fẹ́ fi fọṣọ ni? Kọ ọ́ sí i pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i. Kó má kọ́ mi!"

Mo kọ ọ́. Mo tún fi tèmi kún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ojúlé gbàǹjo dájọ́. Àwa la jàre. Owó wa padà wálé, wọ́n ní ká má wulẹ̀ dá ẹ̀rọ náà padà torí owó ọkọ̀ á ju ọjà lọ. Ìyàwó wa jó yí tábìlì ká. "Akọ̀wé mi, gègé yín mú o! Ọjà wà nílé, owó wà lọ́wọ́!"

Mo lọ wo ojú ìwé Oníkànga. Wọ́n ti kó gbogbo ọjà tó pàtẹ kúrò. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹ̀gàn kan rí, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé: *Ọjà rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.* Wọ́n ní títí ìparí oṣù làwọn máa fi gbé e yẹ̀ wò, bóyá káwọn lé e kúrò lójúlé náà pátápátá. Mo pa kọ̀ǹpútà. Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi kanlẹ̀kùn mi kí n tó fọnu.

"Kò bú mi," ó wí.

"Ta ni?"

"Oníkànga. A bú u tó báyẹn, kò bú wa padà. Olè tí wọ́n ká mọ́ máa ń pariwo ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè. Kí ló dé tó fi béèrè omi?" Ó jókòó. "Ka ohun tó kọ fún mi. Láti orí dé ìdí."

Mo ṣí i lórí fóònù mi, mo kà á:

"'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó lé e. Maikirosikóòpù yìí ni mo fi ń yẹ omi ẹ̀rọ ìlú wa wò fún ogójì ọdún. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó tóbi jù, tó ní òrùka funfun lọ́rùn, omi ló ń fẹ́, kì í ṣe òróró. Òrùka náà ti pàwọ̀ dà díẹ̀, nítorí náà mo ya àwòrán rẹ̀ lọ́tọ̀, òun ni àwòrán kẹfà. Bí ẹ bá kán òróró sí i, ẹ ó rò pé ó fọ́jú. Kò fọ́jú. Ẹ nù ún, kí ẹ kán omi sí i, yóò ríran. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, kì í ṣe tiyín.'"

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ojú mi. Ó dìde, ó forí lé ilé rẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

Ó fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sípíríìtì nu lẹ́ǹsì náà, ó nù ún bí ìgbà tí wọ́n ń nu ojú ọmọ. Ìyàwó wa ní ìkòkò òdòdó kan lórí fèrèsé, ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí omi inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa ẹ̀kán kan níbẹ̀, ó kán an sórí gíláàsì, ó fi gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ó tún kán omi lé e, ó sọ lẹ́ǹsì kalẹ̀ títí tó fi kan omi. Ó fojú lé e. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ náà wá dúró.

"Ó ń rìn," ó wí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan kan sá.

"Kí ló ń rìn?"

"Akọ̀wé, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, òkú ni mo ń wò. Ẹ̀jẹ̀ tí a sá gbẹ, tí a pa láró. N ò rí ohun tó wà láàyè nínú maikirosikóòpù rí. Wá. Wá wò ó."

Mo fojú lé e. Mo kọ́kọ́ rí agogo. Agogo wẹ́wẹ́ tó mọ́ gaara bí omijé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí okùn tínrín. Láìròtẹ́lẹ̀, okùn kan ká fìrí bíi sípíríǹgì, agogo orí rẹ̀ sá wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra nà padà, bí ẹni tó yọjú wò bóyá olùyáni-lówó ti lọ. Ohun mìíràn wá kọjá láàárín wọn, kẹ̀kẹ́ méjì lórí rẹ̀ ń yí, ń yí, ń fa omi wọ ẹnu. Ikùn rẹ̀ mọ́ bí ìgò, mo ń rí eyín tó ń lọ oúnjẹ nínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé mò ń wo òun. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Àárọ̀ tirẹ̀ ló ń lò níbẹ̀, nínú ẹ̀kán omi tí kò tó omi imú ọmọdé. Mo di tábìlì mú.

Ìyàwó wa náà wò ó. Ó kígbe. "Inú ìkòkò òdòdó mi? Gbogbo èrò yìí? Tí wọn ò sanwó ilé!" Ó tún wò ó, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Olúwa o," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó jókòó sórí àpótí tí ẹ̀rọ náà bá wá.

Nígbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n mi wí pé, "A ti ba ọkùnrin yẹn jẹ́."

"Ẹ rọra, Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní bòókẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ parí."

"Ṣé owó ló kọ lẹ́tà pupa sábẹ́ orúkọ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Tiyín náà lorúkọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Ẹ wá fẹ́ sọ fún gbogbo ayé pé Ojú Àwòdì ò mọ omi yàtọ̀ sí òróró? Àwọn ọmọ yẹn á fi yín ṣẹ̀fẹ̀ dójú ikú."

Mo mọ ohun tó ń rò. Orúkọ yẹn nìkan ló mú kúrò nílé ìwòsàn, aago ògiri ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

"Akọ̀wé, bá mi pè wọ́n."

Ọmọbìnrin kan ló gbé fóònù lójúlé gbàǹjo. Ohùn rẹ̀ dùn, ó kí wa dáadáa.

"Bàbá, ẹ ní ẹ fẹ́ kí a gba owó náà padà lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ṣé kò tíì dé ọwọ́ yín ni?"

"Ó ti dé."

"Ṣé kò pé?"

"Ó pé."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí wá gan-an ni ẹ̀sùn yín?"

"Èmi ni ẹ̀sùn náà," ẹ̀gbọ́n mi wí.

A gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn pé, "Ọ̀gá, ẹ gbà mí, n ò rí ibi tí mo máa tẹ̀ fún irú èyí." Ọ̀gá rẹ̀ gbé fóònù. Òun náà béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yé e tán, ó ní láti ìgbà tóun ti wà níbẹ̀, kò sí oníbàárà tó bá irú rẹ̀ wá. Ó ní àwọn lè gba owó náà padà fún Oníkànga. Ṣùgbọ́n lẹ́tà pupa ò ṣeé nù lásán. Àfi kí ẹni tó rajà kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó fi rà á, kó wà ní gbangba níbi tí lẹ́tà pupa wà, títí ayé.

Mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀: "Èdè-àìyédè kékeré kan ló wáyé láàárín—"

"Pa á rẹ́," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èdè wo ni kò yé ara wọn? Ti Oníkànga yé kedere. Tẹ ohun tí mo bá sọ."

Ohun tí mo tẹ̀ nìyí: "Èmi Ojú Àwòdì ni mo ra maikirosikóòpù lọ́wọ́ Oníkànga. Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. N kò ka ohun tó kọ. Òróró ni mo kán sí lẹ́ǹsì omi. Ó fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ mi, mo fi èébú dá a lóhùn. Ojú mi ló fọ́, kì í ṣe lẹ́ǹsì rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé èmi ni mo fò ó nígbà tí mò ń kà á," mo wí. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

"Ìwọ kọ́ lo fowó lé e. Ẹni tó fowó lé ọjà ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Fi ránṣẹ́."

Ọwọ́ tí mo fi tẹ ẹ̀sùn yẹn ni mo fi tẹ èyí. N kò tẹ ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ọ̀rọ̀ mímú kan nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́tà pupa ti lọ. Ọjà Oníkànga padà sórí àtẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ìwòsàn pè é lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! A fẹ́ béèrè ni, òùngbẹ ń gbẹ wá níbí: ṣé omi ni ká mu, àbí òróró?" Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ ka ohun tó wà lára ìgò ná, ẹ̀yin aláìníṣẹ́," ó wí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Oníkànga kọ̀wé. Kò sọ̀rọ̀ owó, kò sọ̀rọ̀ èébú. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣé, arákùnrin mi. Kí lẹ rí?"

A sọ ti agogo àti ti oníkẹ̀kẹ́ fún un. Ó dáhùn kíákíá, bí ẹni tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnì kan bá òun sọ irú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi ha nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù bí irun lára ògiri tútù, kó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó fún un sórí gíláàsì, kó sì fara balẹ̀ wá ẹranko kékeré kan tó ń gbé inú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn wọlé sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ẹ̀rọ, èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà, kó lè máa sọ ọ́ kí n máa tẹ̀ ẹ́ fún Oníkànga. Ó wá a títí. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbé sókè.

"Kọ ọ́ pé mo ti rí i."

Mo tẹ̀ ẹ́.

"Kọ ọ́ pé ó sanra bùkẹ̀tẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Kọ ọ́ pé ó ní èékánná, Akọ̀wé. Gbogbo ẹsẹ̀ ló ní èékánná. Ó ń rìn bí àgbàlagbà tó ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo tẹ gbogbo rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ dúró, mò ń retí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n tún kọ?"

Ó gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó dìde, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

"Ìwọ wò ó, kó o kọ ọ́ fún un," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi."